Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta: Ìgbàgbọ́ àti Ara Ẹni Tí Ó Ń Fi Ọtí Sílẹ̀ ní Ìsọlọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníwàásù ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń yà sílẹ̀ fún dókítà, tí dókítà náà sì máa ń dá padà fún oníwàásù: nígbà tí ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún bá pinnu láti jáwọ́, tí ara rẹ̀ sì dìde sí i, ọ̀rọ̀ ta ni ó dà, ti ẹni tí ń gbàdúrà ni tàbí ti ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́? Ní Ìsọlọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan, nítorí pé ọ̀dọ̀ wòlíì, pásítọ̀ tàbí ààfáà ni ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ máa ń gbé irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó ronú kan ilé ìwòsàn, ẹni tí wọ́n gbé e lọ bá náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ohun tí ó mọ̀ jù lọ, èyí tí í ṣe àdúrà àti ààwẹ̀. Èrò tí àròkọ yìí dúró lé ni pé àdúrà kò bá ìtọ́jú jà rárá, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ tí a bá gbé ka aláìsàn náà lórí lè pa á, àti pé mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn jẹ́ ara ojúṣe ìsìn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà á sílé.

Bárakú ni ipò tí ènìyàn wà nígbà tí ohun kan ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ara náà kò lè ṣe déédéé mọ́ láìsí ohun náà. Nínú ọpọlọ ẹ̀dá, agbára méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀: èkíní ń mú un rọlẹ̀, èkejì ń ta á jí. Ọtí líle máa ń ran èyí tí ń mú un rọlẹ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń tẹ èyí tí ń ta á jí rì. Bí ènìyàn bá wá ń mu ún lójoojúmọ́ fún oṣù tàbí ọdún, ọpọlọ kò ní jókòó máa wò ó. Yóò dín agbára ìrọ̀lẹ̀ tirẹ̀ kù, yóò sì fi kún ti ìtají, kí iṣẹ́ lè máa lọ lábẹ́ ẹrù ọtí. Ó dà bí ẹni tí ó ń fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ń tì láti òdìkejì: lọ́jọ́ tí ẹni òdìkejì bá yẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, iwájú ni yóò ṣubú sí. Ìjà tí ara ń jà ní àkókò yẹn, nígbà tí ọtí ti kúrò ṣùgbọ́n tí ìtají ọpọlọ kò tíì mọ̀ pé ó ti kúrò, ni a ó máa pè ní àìsàn ìdáwọ́dúró nínú àròkọ yìí. Ìtọ́jú ìdáwọ́dúró sì ni ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn ń gbà mú ara náà kọjá ìjà yẹn lábẹ́ ojú wọn, pẹ̀lú oògùn, omi àti oúnjẹ, títí yóò fi rọlẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bárakú bí ó ti rí gan-an kò nílò kí ó dé wọ́ọ̀dù kankan. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà Aswani máa ń kún, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn alágbo ti máa ń gbé ìgò wọn kalẹ̀, tí egbò àti èèpo igi ti rẹ sínú ọ̀gógóró, èyí fún jẹ̀díjẹ̀dí, èyí fún ẹ̀yìn ríro, èyí fún agbára ọkùnrin, tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ paraga lẹ́nu àwọn tí ń mu ún. Oníbàárà kan lè wà nínú àwọn tí ó tètè dé tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba ife àkọ́kọ́, nítorí pé ọwọ́ kan kò lè gbé e dé ẹnu láìjẹ́ pé ó dànù. Nígbà tí yóò bá fi gba ìkejì, ọwọ́ kan ṣoṣo ti tó. Àwọn tí ó dúró tì í lè sọ pé agbo náà ń ṣiṣẹ́, pé ó ti lé òtútù kúrò lára rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni pé àìsàn ìdáwọ́dúró ti bẹ̀rẹ̀ lójú oorun, ife àkọ́kọ́ sì ni ó dá a dúró. Ọwọ́ tí ń gbọ̀n láàárọ̀ tí ọtí sì ń mú dúró jẹ́ ẹ̀rí tí ó dájú ju iye owó tí ẹni náà ń ná lọ, ó sì yẹ kí ìyàwó, ìyá àti àlùfáà rẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ ìpinnu tó dé.

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ṣáájú ìwádìí náà, àti pé Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ga jù lọ, pẹ̀lú ènìyàn bí 33 nínú 100. Ìwádìí náà kò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ó yẹ kí a fi ọkàn sí àìkà yìí, nítorí pé ọtí, tí òfin fi àyè gbà tí a sì ń ta lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn pàápàá, wà lára àwọn tí ìdáwọ́dúró wọn máa ń pa ènìyàn jù, nígbà tí igbó, tí ọlọ́pàá ń lé kiri, kì í pa ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ lójijì.

Bí àìsàn ìdáwọ́dúró ọtí ṣe ń rìn kò ṣòroó kọ́. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ a máa gbọ̀n, òógùn a máa bò ó, inú a máa ru, oorun a sì jìnnà. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè gbé e, bí kò tilẹ̀ ní wárápá rí. Àwọn kan máa ń rí ohun tí kò sí, tàbí kí wọ́n gbọ́ ohùn, síbẹ̀ tí wọ́n ṣì mọ ibi tí wọ́n wà àti ẹni tí ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín wákàtí 48 sí 96, èyí tí ó burú jù lè dé bá ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn, nǹkan bí 5 nínú 100: ìrànrán pẹ̀lú ìgbọ̀n, tí ẹni náà kò ní mọ ọjọ́ mọ́, tí yóò máa fi ìyá rẹ̀ pe ẹlòmíràn, tí ara rẹ̀ yóò gbóná, tí ọkàn rẹ̀ yóò máa lù kìkì, tí yóò sì máa bá ohun tí ó wà lára ògiri jà. Kí ìtọ́jú òde-òní tó dé, ìrànrán yìí lè pa tó ènìyàn 35 nínú 100 tí ó bá mú. Níbi tí ìtọ́jú bá ti tètè bá a, iye náà kì í sábà ju 5 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àwọn wákàtí wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ àṣà ilé àdúrà. Ààwẹ̀ tí a máa ń gbà fún ìdáǹdè kúrò nínú ìdè líle ni ààwẹ̀ Ẹ́sítérì, ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, lọ́sàn-án àti lóru. Bí ẹni tí ó ń mu ọtí lójoojúmọ́ bá fi ọtí sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó wọ ilé àdúrà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni ọjọ́ tí ìrànrán lè bẹ̀rẹ̀. Omi ara rẹ̀ ti gbẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, fítámì B1, èyí tí ọtí ti ń jẹ lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìṣọ́ òru kò sì jẹ́ kí ó sùn. Nígbà tí ó bá wá ń gbọ̀n, tí ó ń pariwo, tí ó ń tọ́ka sí ẹni tí ojú ẹlòmíràn kò rí, àwọn tí ó yí i ká yóò sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ náà ti fara hàn, pé ó kù díẹ̀ kí ó jáde, kí a má ṣe dẹwọ́. Àgbàlá náà kò kún fún ìkà. Ìfẹ́ ni ó mú kí wọ́n wà níbẹ̀ lóru. Àmọ́ àmì kan náà ni ìgbàgbọ́ wọn kà sí ìṣẹ́gun tí onímọ̀ ìṣègùn kà sí ewu ikú, àwọn méjèèjì kò sì lè ṣe ohun kan náà lórí rẹ̀.

Ta ni ó tọ̀nà nípa okùnfà? Ní ọdún 1955, oníṣègùn Harris Isbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lexington ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò kan jáde, èyí tí kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí yóò fọwọ́ sí i lónìí: wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní ọtí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n bọ́ wọn dáadáa, wọ́n sì fún wọn ní fítámì, lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ọtí náà kúrò lójijì. Nínú àwọn tí ó mu ún pẹ́ jù, láti ọjọ́ 48 dé 87, ìgbọ̀n dé, gìrì gbé àwọn kan, ìrànrán sì mú àwọn kan. Ṣáájú ìgbà náà, àríyànjiyàn wà láàárín àwọn oníṣègùn fúnra wọn bóyá ebi àti àìjẹunrekánú ni ó ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ ìsìn níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó gégùn-ún fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, kò sí àjẹ́ nílé bàbá wọn tí ó mọ̀ pé wọ́n wà ní Lexington, síbẹ̀ ohun tí a ń rí ní ilé àdúrà ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n rí. Onígbàgbọ́ lè dáhùn pé ẹ̀mí burúkú ni ó kọ́kọ́ sún ènìyàn dé ìdí ọtí, ìdáhùn yẹn kò sì ṣeé fi ẹ̀rọ ìwádìí dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ gbà á fún un, ohun tí ó sún ènìyàn dé ìdí ọtí ní ogún ọdún sẹ́yìn kọ́ ni ó ń mú un gbọ̀n ní alẹ́ òní. Àìsí ọtí ni ó ń mú un gbọ̀n.

Ẹsẹ Bíbélì tí a máa ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Ìhìn Rere Máàkù orí 9, níbi tí bàbá kan ti mú ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ tí ohun kan máa ń gbé ṣánlẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ á sì máa yọ ìfóòfó, tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò sì lè wò ó sàn. Ìdáhùn Jésù ní òpin ìtàn náà ni àwọn oníwàásù fi ń gbé ààwẹ̀ kalẹ̀ fún aláìsàn. Ohun méjì ni ó yẹ kí a kíyè sí. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ méjì tí ó lókìkí jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ òde-òní fi dúró lórí àdúrà nìkan. Èkejì, tí ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé bí a bá tilẹ̀ fi ààwẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ni a ń bá wí; kò sí ibi kankan nínú ìtàn náà tí a ti sọ fún ọmọ tí gìrì ń gbé pé kí ó má jẹun. Bákan náà ni ìtàn Ẹ́sítérì rí: ẹni tí ó ní ìlera tí ó sì ní iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ láti jẹ́ ni ó gbààwẹ̀, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ tí àwọn ilé àdúrà fúnra wọn gbé kalẹ̀, nígbà náà, ẹni tí ń tọrọ ìdáǹdè fún ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ebi máa pa, ẹni tí a ń tọrọ rẹ̀ fún sì ni ó yẹ kí a máa fún ní omi àti ẹ̀kọ.

Ó yẹ kí a béèrè pẹ̀lú ibi tí èrò pé oògùn lòdì sí ìgbàgbọ́ ti wọlé, nítorí pé kì í ṣe ìṣe àwọn baba ńlá Yorùbá. Babaláwo kò rí ìjà kankan láàárín ẹbọ àti ewé. Ọjọ́ kan náà ni ó lè fi méjèèjì ránṣẹ́, Ọ̀sanyìn, tí ó ni ewé, sì wà lára àwọn òrìṣà. Ẹgbẹ́ aládùúrà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní àkókò àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ni ó bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìwé, ẹ̀kọ́ ìwòsàn láìlo oògùn sì jẹ́ ara ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìsọjí tí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní ọdún 1930, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuníìnì nítorí ibà, ìjà ńlá dé, ìjà náà sì wà lára ohun tí ó bí Christ Apostolic Church, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1943. Àwọn aládùúrà kò ṣe ìpinnu yẹn nínú òmùgọ̀: àrùn ọdún 1918 ti dé, oògùn òyìnbó kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i, àdúrà ni ó kù. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní Ìsọlọ̀ lónìí yàtọ̀, nítorí pé oògùn tí ó ń dá gìrì ìdáwọ́dúró dúró wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ìṣòro náà máa ń yọjú ní ìrísí mìíràn. Àwọn ọ̀mùtí kan máa ń sọ pé àwọn yóò jáwọ́ nígbà tí Ramadan bá dé, nítorí náà ni ó fi máa ń jẹ́ pé ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ ni ọjọ́ kìíní ìdáwọ́dúró, tí ara tí kò ní ọtí mọ́ yóò tún ṣe àìní omi láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn náà kò béèrè èyí: Súrà Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, yọ aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn, ẹni tí ó wà nínú àìsàn ìdáwọ́dúró sì jẹ́ aláìsàn ní gbogbo ọ̀nà. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn ààfáà máa sọ ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ. Ìpele-ìpele ni èèwọ̀ ọtí wọlé nínú Kùránì: ó kọ́kọ́ sọ pé ewu rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ (Baqarah 219), lẹ́yìn náà ó ní kí ẹni tí ọtí ń pa má ṣe súnmọ́ ìrun (Nisā 43), kí ó tó wá kà á léèwọ̀ pátápátá (Mā'idah 90). Àwọn onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan pé èèwọ̀ náà ti parí báyìí, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìpele àkọ́kọ́ gbèjà ife paraga rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi hàn pé Aṣòfin náà kò fojú fo ohun tí ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lára.

Níhìn-ín ni ìbéèrè tí ó le jù ti jáde. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni pé ẹni tí bárakú rẹ̀ ti jinlẹ̀, tí kò sì tíì rí ìtọ́jú, kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lójijì. Kí ó máa mu, kí ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé ọwọ́ dókítà. Ǹjẹ́ àlùfáà lè wo ojú ẹni tí ó ronú pìwà dà, kí ó sì sọ fún un pé kí ó lọ mu ife kan ní alẹ́ yìí? Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í dín kù díẹ̀díẹ̀, pé a kì í sọ fún olè pé kí ó máa jí ìdajì. Àfiwé yẹn kò dúró, nítorí pé olè tí ó bá jáwọ́ lójijì kì í kú. Nínú òfin Ìsìláàmù, ìlànà pé dandan máa ń sọ ohun èèwọ̀ di ohun tí a lè fàyè gbà ní ìwọ̀n tí yóò gba ẹ̀mí là ti wà láti àtijọ́ (Baqarah 173). Nínú ẹ̀kọ́ Kristẹni, Ọjọ́ Ìsinmi ni a dá fún ènìyàn. Ìrònúpìwàdà jẹ́ ti ọkàn, ó sì lè pé pérépéré ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan ọpọlọ kò gbọ́ ìwàásù náà, ọjọ́ mélòó kan ni wọn yóò fi tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá mu ife kan ní alẹ́ kí gìrì má bàa pa á, kí a lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, kò tíì padà sẹ́yìn.

Èrò kan tún wà tí ó fara pa mọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, tí a kì í sábà sọ jáde: pé ìrora náà tọ́ sí i. Bí ó bá jẹ ìyà rẹ̀ dáadáa, ni wọ́n ń wí, kò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rí tí ara fúnra rẹ̀ jẹ́ lòdì sí èyí pátápátá. Àwọn oníṣègùn ti kíyè sí i pé bí ènìyàn bá ti ń la ìdáwọ́dúró tí a kò tọ́jú kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó tẹ̀ lé e máa ń le sí i. Ẹni tí ó kàn gbọ̀n ní ìgbà àkọ́kọ́ lè ní gìrì ní ìgbà kẹta. Ohun tí ọpọlọ ń kọ́ nínú ìyà náà ni ọ̀nà àtidàrú. Ìkà ni ìyà tí ó ń sọ aláìsàn di aláìlera ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a kò sì lè fi orúkọ ìbáwí bò ó mọ́lẹ̀.

Báwo wá ni ẹni tí kì í ṣe dókítà yóò ṣe mọ ìgbà náà? Apá kan ìmọ̀ yìí ni a ní láti ní kí ẹni náà tó fi ohunkóhun sílẹ̀. Ẹni tí ó ń mu láti òwúrọ̀, ẹni tí gìrì tàbí ìrànrán ti mú rí nígbà tí ó gbìyànjú láti jáwọ́, ẹni tí ó ti dàgbà, ẹni tí àìsàn ẹ̀dọ̀, ọkàn tàbí ibà tún wà lára rẹ̀, aboyún, àti ẹni tí ń da ọtí pọ̀ mọ́ oògùn oorun, ilé ìwòsàn ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí yóò sá lọ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Apá kejì wà fún àwọn tí ó ti bẹ̀rẹ̀: bí gìrì bá gbé e lẹ́ẹ̀kan péré, bí kò bá mọ ibi tí ó wà mọ́, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí èébì kò bá jẹ́ kí omi dúró nínú rẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá ń yí gbìrì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè dúró, pàjáwìrì ni, àdúrà tí ó kù sì lè máa lọ nínú ọkọ̀. Àmì ìkẹyìn yẹn, ojú àti ẹsẹ̀, jẹ́ ti àìtó fítámì B1, tí Carl Wernicke ará Jámánì ṣàpèjúwe ní ọdún 1881, tí a kò bá sì tètè fi abẹ́rẹ́ fítámì náà dí i, ìrántí ẹni náà lè bàjẹ́ láìní àtúnṣe.

Àwọn oògùn yòókù kò rí bákan náà. Rohypnol àti àwọn oògùn oorun bíi diazepam bá ọtí dọ́gba nínú ewu, gìrì wọn sì lè pẹ́ kí ó tó dé, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí gbogbo ilé ti ń dúpẹ́. Kódíìnì, tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìpèsè àti ìkówọlé omi ikọ́ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, máa ń fa ara ríro, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí ó ń dẹ́rù bani ju bí ó ti ń pani lọ, bí a bá ṣáà ti rí omi fún ẹni náà. Tramadol jẹ́ alábùlà: ó ní ti kódíìnì, ó tún lè mú ẹ̀rù àti ìran tí kò sí wá.

Ìtakò kan tí ó sábà máa ń ti ẹnu àwọn ìyá jáde ni pé diazepam tí ilé ìwòsàn ń lò fún ìtọ́jú ìdáwọ́dúró ọtí gan-an ni àwọn ọmọ àdúgbò ń gbé mì ní ẹ̀yìn ilé. Kí ni èrè pípààrọ̀ ìdè kan fún òmíràn? Ìdáhùn wà nínú bí a ṣe ń lò ó. Oògùn náà ń ran agbára ìrọ̀lẹ̀ ọpọlọ lọ́wọ́ bíi ti ọtí, nítorí náà ni ó fi lè di àyè rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ó ń fún un ní ìwọ̀n tí ó bá àmì ara mu, tí ó sì ń dín in kù lójoojúmọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì máa ń parí láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá lọ rà á ní kẹ́mísì láti fi tọ́jú ara rẹ̀, tí ó sì tún mu ọtí lé e, lè sùn kí ó má jí. Láti Ìsọlọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba wà ládùúgbò fún pàjáwìrì, Yábà náà kò sì jìnnà, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1907 wà, tí ó ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Ìtìjú "Yaba Left", orúkọ ìnagijẹ ilé ìwòsàn ọpọlọ náà, ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ìdílé dúró ju owó lọ, bí owó náà kò tilẹ̀ kéré.

Ìtìjú yìí kan náà ni ó ń kún àwọn ibi tí a ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ibùdó kan ní Ọjọ́ò, Ìbàdàn, tí ń jẹ́ ti ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Nínú oṣù yẹn kan náà ni àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé ìṣe dídè yìí wà ní ilé Kristẹni, ti Mùsùlùmí, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti ìjọba pàápàá. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti wá rọ́pò òfin àwọn amúnisìn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àìsàn ìdáwọ́dúró, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ burú ní ìlọ́po méjì, nítorí pé ẹni tí ìrànrán mú tí ó sì ń bá irin jà yóò mú kí ara rẹ̀ gbóná sí i, gìrì sì lè ṣẹ́ egungun rẹ̀ nínú irin náà.

Ilé àdúrà ní ohun tí ilé ìwòsàn kò ní, kò sì yẹ kí a fojú di í. Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, mọ èyí ní Àrò, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, nígbà tí ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni ilé ìwòsàn nílò láti mú ara kọjá. Oṣù àti ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí ẹni náà yóò nílò ọ̀rẹ́ tuntun, iṣẹ́ tuntun àti ibi tí yóò wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ti ìjọ ni. Ewu kan sì wà nínú àwọn oṣù yẹn tí ó yẹ kí a sọ fún ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀rí pé òun ti fi kódíìnì tàbí tramadol sílẹ̀: ara rẹ̀ ti gbàgbé oògùn náà, ìwọ̀n tí kò ṣe nǹkan kan fún un tẹ́lẹ̀ lè dá èémí rẹ̀ dúró báyìí, bí ó bá kọsẹ̀ ní alẹ́ kan péré.

Ọ̀pọ̀ yóò kọsẹ̀. Ẹni tí ó bá padà wá ní ìgbà kejì, tí ọtí ti tún di bárakú fún, ni ọ̀pọ̀ ilé àdúrà máa ń gbà bí wọ́n ti gbà á ní ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú orin àti ààwẹ̀ kan náà, nítorí pé kò sí ohun tí ó ṣe é nígbà yẹn. Ara tí ó gbé wá báyìí kì í ṣe ti ìgbà yẹn mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ kàn, àní bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le, kí ẹnì kan nínú ìjọ sì tẹ̀ lé e lọ.